Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àtijọ́: Láti Clydebank dé Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ Wa



"Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí" ni àwọn àgbà máa ń wí. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni àwọn tó pa òwe yìí ń wò. Ìdí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ojú rẹ̀ wà. Ẹnu rẹ̀ a gún aṣọ, gbogbo ara rẹ̀ a la aṣọ náà kọjá, okùn a sì máa wọ́ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ìtòsí ẹnu rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Abẹ́rẹ́ yìí kì í la aṣọ kọjá rárá. Á wọlé, á fi okùn sílẹ̀ díẹ̀ fún ẹlòmíràn nísàlẹ̀, á sì padà sí ibi tó ti wá. Ìyípadà kékeré tó bá ojú abẹ́rẹ́ yìí wà lára ohun tó sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ di iṣẹ́ wákàtí mélòó kan káàkiri ayé.

Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn ẹ̀rọ náà wò lónìí, kí a sì wo bí a ṣe ń sọ èyí tó ti darúgbó jí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà ní yàrá ẹrù, lábẹ́ eruku, níbi tí ìyá tàbí bàbá àgbà fi wọ́n sí. Àwọn tí ń ra àlòkù irin ń gbé òmíràn lọ lójoojúmọ́, ìwọ̀n irin nìkan ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Ẹni tó bá tà á bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó tà.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà láti fi irin ránṣọ. Ní ọdún 1790, Thomas Saint, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí yóò máa rán awọ. Ní ilẹ̀ Faransé, télọ̀ kan tó ń jẹ́ Barthélemy Thimonnier gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1830. Kò pẹ́ tí nǹkan bí 80 ẹ̀rọ rẹ̀ fi wà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Paris, tí wọ́n ń fi wọ́n rán aṣọ àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1831, àwọn télọ̀ ìlú náà ya wọ ibẹ̀, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà túútúú. Ìbẹ̀rù pé irin yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn àti ọmọ wọn ló lé wọn débẹ̀. Inú òṣì ni Thimonnier kú sí ní ọdún 1857.

Kí a má fi àwọn télọ̀ wọ̀nyẹn ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ń bọ́ kò lè fi ojú ẹni tí ń raṣọ wo irin tí ń ránṣọ. A ó sì rí i níwájú pé ẹ̀rù yìí kan náà padà wá bá àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà gan-an.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Walter Hunt ṣe ẹ̀rọ tí ń fi okùn méjì ránṣọ ní nǹkan bí ọdún 1833, ṣùgbọ́n kò gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Elias Howe ló gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1846: abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ wà lẹ́nu, pẹ̀lú okùn kejì tí ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1851, Isaac Merritt Singer náà gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Òṣèré orí ìtàgé ni Singer ti jẹ́ rí, ó sì mọ bí a ṣe ń pe èrò jọ. Howe gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ó jàre, Singer sì sanwó fún un ní ọdún 1854. Ní ọdún 1856, Howe àti àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó lágbára jù, tí ti Singer wà lára wọn, fẹnu kò láti kó ẹ̀tọ́ wọn pọ̀ sójú kan, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ máa sanwó fún wọn. Ọdún 1877 ni àdéhùn náà tó tú.

Singer àti òwò àwìn

Ohun tó mú orúkọ Singer borí ti àwọn yòókù kì í ṣe irin nìkan. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, iye ẹ̀rọ kan máa ń ju 100 dọ́là lọ, owó tí ìdílé òṣìṣẹ́ kò lè rí kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Edward Clark, agbẹjọ́rò tó jẹ́ alábàáṣe Singer, ló mú ọgbọ́n wá ní ọdún 1856: kí oníbàárà san díẹ̀, kó gbé ẹ̀rọ lọ sílé, kó máa san ìyókù lóṣooṣù. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa pa owó tí a ó fi san gbèsè rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ní ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí a mọ̀ sí òṣómàáló, fi irú rẹ̀ dá owó ńlá ní ọ̀rúndún ogún: wọn a gbé aṣọ fún oníbàárà láwìn, bí ọjọ́ bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi sanwó. Àwọn agbówó Singer kò lóṣòó, ṣùgbọ́n wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Bí gbèsè kò bá wọlé, ẹ̀rọ a padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́. Lọ́nà yìí ni ẹ̀rọ ìránṣọ fi di ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó wọ ilé mẹ̀kúnnù.

Clydebank, ìlú tí ẹ̀rọ kọ́

Singer bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀rọ ní Glasgow, nílẹ̀ Skọ́tíláńdì, ní ọdún 1867. Nígbà tí àyè kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n ra ilẹ̀ ní Kilbowie, ìlú Clydebank, lẹ́bàá odò Clyde. Ọdún 1882 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní pẹrẹu ní ọdún 1885. Aago kan wà lókè ilé gogoro rẹ̀ tó ní ojú mẹ́rin. Fífẹ̀ ojú kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà 26, gbogbo ìlú ló sì ń wò ó. Rélùwéè ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Singer níbẹ̀, orúkọ náà kò sì tíì yí padà. Ní ọdún 1913 nìkan, ẹ̀rọ tó jáde láti ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí ni 1,300,000.

Ṣùgbọ́n iye ẹ̀rọ kì í sọ ohun tó wà nínú ọwọ́ tó ṣe é. Ní oṣù Kẹta ọdún 1911, àwọn obìnrin méjìlá tí ń dán pákó àpótí ẹ̀rọ kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Wọ́n ti mú àwọn kan kúrò láàárín wọn, wọ́n ti pín iṣẹ́ àwọn yẹn lé wọn lórí, owó wọn kò sì lé sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan bí 11,000 òṣìṣẹ́ ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà. Apá òṣìṣẹ́ kò ká ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọn sì pàdánù iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi aṣọ nu pákó tí ń dán lára ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ rántí pé ọwọ́ obìnrin ló dán an.

Ní òru ọjọ́ 13 àti 14, oṣù Kẹta, ọdún 1941, ọkọ̀ òfuurufú ogun ilẹ̀ Jámánì ju àdó olóró sí Clydebank. Ọgbà tí wọ́n ń kó pákó sí ní Singer jóná ráúráú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pa ilé-iṣẹ́ náà wá lẹ́yìn ogun. Àwọn ará Jàpáànì mú ìlànà ẹ̀rọ Singer tí a mọ̀ sí 15, wọ́n sì ń ṣe é ní ẹ̀dínwó. Àwọn èèyàn ní ilẹ̀ aláwọ̀ funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí ra aṣọ tí a ti rán sílẹ̀. Wọ́n wó ilé aago náà ní ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹfà ọdún 1980. Àwọn ọmọ àwọn tí ẹ̀rọ fún níṣẹ́ wá di ẹni tí ẹ̀rọ ẹlòmíràn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bíi ti àwọn télọ̀ Paris ní ọdún 1831. Ilé-iṣẹ́ ti kú. Ẹ̀rọ tó ṣe kò tíì kú.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kí ẹ̀rọ tó dé, ìránṣọ ti wà nílẹ̀ Yorùbá. Aṣọ òfì kì í fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aránṣọ ni yóò fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ọ̀já kan mọ́ èkejì kó tó di agbádá, gbárìyẹ̀ tàbí ìró. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti etíkun, pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀ àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀. Àwọn wọ̀nyí mọ ìlànà aṣọ òyìnbó, àwọn télọ̀ àti obìnrin aránṣọ sì pọ̀ láàárín wọn.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa gbérí, ẹ̀rọ ti di ohun èlò tí a fi ń mọ ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á fi ọdún mélòó kan sin ọ̀gá rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdáǹdè rẹ̀, bí ọwọ́ ẹbí bá tó o, ẹ̀rọ ni wọn yóò gbé kalẹ̀ fún un. Aṣọ ẹbí gan-an, tí gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń wọ irú kan náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìbá nira púpọ̀ láìsí ẹ̀rọ. Orúkọ ilé-iṣẹ́ di orúkọ ohun èlò: Síńgà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, ìbáà jẹ́ ará Clydebank tàbí ará Ṣáínà. Àwọn télọ̀ akiri sì wà, tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ lé èjìká, tí wọ́n ń ta síṣọ́ọ̀sì kẹ́kẹ́ láàárín àdúgbò. Obiọma ni wọ́n ń pè wọ́n ní Èkó, orúkọ tó ti inú èdè Ìgbò wá.

Ohun kan ló jẹ́ kí irin wọ̀nyí pẹ́ lọ́dọ̀ wa: ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń yí wọn. Bí iná ọba bá lọ, iṣẹ́ kò dúró.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń di okùn

Ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Okùn méjì ló wà. Ọ̀kan ń bọ̀ láti òkè, ó gba àárín àwọn àwo kékeré tí ń fún un, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní tẹ́ńṣàn, ó sì wọ ojú abẹ́rẹ́. Ìkejì wà nísàlẹ̀, ó ká mọ́ bọ́bìn. Abẹ́rẹ́ a gún aṣọ dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí padà, okùn tó mú wá a ṣe kókó kékeré kan sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, ṣọ́tù a mú kókó náà, a gbé e yí okùn bọ́bìn ká, apá tí ń fa okùn lókè a sì fà á le. Àwọn eyín kékeré abẹ́ aṣọ a gbéra, wọn a ti aṣọ síwájú, wọn a sì padà sísàlẹ̀. Àárín aṣọ ni okùn méjèèjì ti ń dì mọ́ra. Bí okùn kan bá já, èkejì ṣì di ara rẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí aṣọ kì í fi tú láti ìkangun dé ìkangun.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tó pẹ́ jù, ṣọ́tù gùn, ó sì rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. Àwọn awunṣọ òfì wa náà ń pe igi tí wọ́n fi ń gbé òwú kọjá láàárín aṣọ ní ọkọ̀. Oníṣẹ́ méjì tí kò mọ ara wọn rí lo ohun èlò tó jọra láti gbé òwú gba inú òwú kọjá.

Jíjí ẹ̀rọ tó ti sùn

Bí ẹ bá bá ẹ̀rọ nínú yàrá ẹrù, tí wíìlì rẹ̀ kò yí mọ́, ẹ má ṣe fi ipá yí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, irin kọ́ ló bàjẹ́. Epo àtijọ́ ló gbẹ mọ́ ọn bí àtè. Àwọn ìgbésẹ̀ tí àwọn atúnmáṣíìnì-ṣe ń tẹ̀ lé nìyí:

Èkínní, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìmọ́tótó. Ẹ tú irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tí ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ẹ ó bá ìdọ̀tí òwú tó ti lẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn eyín, àti gẹ́gẹ́rẹ́ okùn nínú ilé ṣọ́tù. Okùn kan ṣoṣo tó wọ́ síbẹ̀ lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró.

Èkejì, ẹ kán kẹrosíìnì sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa mi wíìlì síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Bí kò bá tíì gbọ́, ẹ tún kán an, kí ẹ ní sùúrù.

Ẹ̀kẹta, nígbà tó bá ti yí, ẹ nu kẹrosíìnì kúrò, kí ẹ sì kán epo máṣíìnì, èyí tó funfun tó sì fúyẹ́. Kẹrosíìnì ń tú ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n kì í dáàbò bo irin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi epo pupa, òróró tàbí àdí àgbọn sí i. Epo oúnjẹ máa ń gbẹ di àtè, òun gan-an ló sì pa púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a rò pé wọ́n ti darúgbó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ti kú a máa já okùn, a sì máa fo ìrán. Ẹ jẹ́ kí ìhà tó pẹlẹbẹ kọjú sí ibi tí ṣọ́tù ti ń mú okùn, kí ihò gígùn rẹ̀ sì wà níbi tí okùn ti ń wọlé. Ohun ìyanu kan nìyí: abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ sí 15x1, tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí, bá Singer 15, 27 àti 28 ti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn mu. Ṣùgbọ́n Singer 12, tó jáde ní ọdún 1865, ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, èyí sì ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi àkísà dán an wò. Bí okùn bá ṣe kókó jágbajàgba lábẹ́ aṣọ, òkè ni kí ẹ wò: ó lè jẹ́ pé okùn kò wọ tẹ́ńṣàn dáadáa, tàbí pé tẹ́ńṣàn dẹ̀ jù. Bí okùn bọ́bìn bá ń yọjú sókè, tẹ́ńṣàn òkè le jù nìyẹn. Bí wíìlì ẹlẹ́sẹ̀ bá wúwo, ẹ wo bẹ́líìtì awọ rẹ̀: bó bá fún jù, ó ń fa ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, bó bá dẹ̀ jù, ó ń yọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa tẹ ẹ̀rọ tó ní okùn lójú láìsí aṣọ lábẹ́ rẹ̀; inú ṣọ́tù ni okùn náà yóò wọ́ jọ sí.

Ṣé kí a kùn ún ni?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá jí ẹ̀rọ tán a fẹ́ kó dà bí tuntun. Wọn a ra ọ̀dà dúdú, wọn a kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ a dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ wúrà tó wà lára rẹ̀ ti lọ, kò sì ní padà. Nígbà mìíràn ọ̀dà a bo nọ́ńbà rẹ̀ pàápàá. Nọ́ńbà yìí ni ìwé ìbí ẹ̀rọ. Èyí tí lẹ́tà F tàbí Y ṣíwájú nọ́ńbà rẹ̀, Clydebank ni wọ́n ti bí i. Lẹ́tà G ń tọ́ka sí Elizabeth ní New Jersey, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1935, lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E ni Clydebank ń lò.

Èrò tèmi ni pé kí a fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Epo máṣíìnì díẹ̀ lórí aṣọ múlọ́múlọ́ tó láti nu ìdọ̀tí kúrò. Ẹ má fi ọtí spírítì nù ún: shellac, oje tí a ń rí lára kòkòrò kan ní Íńdíà, ni wọ́n fi bo ọnà náà, spírítì sì máa ń yọ́ ọ bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀. Ibi tí ọnà ti pa rẹ́ lára ẹ̀rọ, lápá ọ̀tún níwájú, ibẹ̀ ni ọwọ́ aránṣọ ti ń sinmi fún ọdún àìmọye. Ẹni tó bá kun ibẹ̀ ti nu ìyẹn náà nù.

Kì í ṣe pé mo ń ní kí a sọ gbogbo wọn di ohun àfihàn. Wọ́n ń kó irú wọn pamọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Clydebank, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Bìrìtéènì, bíi Tools for Self Reliance tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, yan ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe, wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Áfíríkà. Ẹ̀rọ tí ń ránṣọ ni ẹ̀rọ tó wà láàyè.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa

Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irin. Ẹ gbọ́ bí "rọ" àti "ẹ̀rọ" ṣe súnmọ́ ara wọn létí. Ẹ̀rọ kì í tán lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rọ ọ́. Clydebank ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1980, síbẹ̀ irin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ orúkọ wọn rí, nítorí pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mọ ibi tí a ń kán epo sí. Àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn sì ń dín kù. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ó wà ní ìka wọn, àti nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ: tẹ́ńṣàn tó dẹ̀, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú, ẹ̀rọ tí ń fo ìrán, aṣọ tí a gán kí a tó rán an. Bí ọwọ́ bá lọ láìní arọ́pò, èdè ọwọ́ náà a bá a lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ atúnmáṣíìnì-ṣe kan ní àdúgbò yín, ẹ lọ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Ẹ bi í ní orúkọ tó ń pe ìdè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ẹ̀rọ bá wà nílé yín tí kò yí mọ́, ẹ wá kẹrosíìnì kí ẹ tó wá ẹni tí yóò rà á. Àwọn télọ̀ Paris ò fẹ́ kó wọlé. Àwa tó wọlé tọ̀ wá, kí a má jẹ́ kó jáde lọ lásán.